Bí Ojú Ìyá Àgbà Rẹ Ṣe Wọ Inú Kámẹ́rà

Thoa ọmọ mi,

Mo kí ọ o, ọmọ mi tó wà ní Hanoi níbi tí alùpùpù ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun kánú, àbí ìrẹsì tútù inú ike yẹn náà lo ṣì ń jẹ lórí ìdúró? Àwa níbí wà láàyè, kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn, àfi ikọ́ ìyá àgbà rẹ tó máa ń bá òtútù wọlé lọ́dọọdún. Kí àwọn baba ńlá wa má gbójú kúrò lára rẹ, kí o rí ojú rere ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, kí alùpùpù má gbá ọ, kí ọkọ tí ìyá rẹ ń tan tùràrí lé lórí yára yọjú, àmọ́ kó má yára jù, nítorí mi ò tíì tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, ojú á sì tì wá tí àwọn àna bá dé tí òjò ń kán sí wọn lọ́rùn.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún wa. Fóònù náà wà dáadáa, inú ìkòkò ìrẹsì ló wà, ibẹ̀ ni mo tọ́jú ẹ̀ sí. Nígbà tó wà lórí tábìlì, èmi àti ìyá rẹ kàn ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ láàárín ara wa ni, kò pẹ́ sí i, ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí pè wá, ó ní ṣé a máa ra oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní hẹn-ẹn, nǹkan yìí ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, ọ̀rọ̀ ilé ni, mi ò fẹ́ kí àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ bá wa dá sí i.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. A ti kórè ìrẹsì tán, a ń sá a lágbàálá. Bính aládùúgbò wa ń kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé òun tí o bá ń bọ̀, kò sọ ohun tó fẹ́ kí o mú wá, ṣùgbọ́n ó ń nu ẹnu bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń pariwo lórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa kéde láàárọ̀ ìjẹta pé kí gbogbo ẹni tó ní pẹ́pẹ́yẹ kó wọn wá gba abẹ́rẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo dá a lóhùn pé tiwa ò ṣàìsàn. Kò fèsì, torí náà mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ ojú ìyá àgbà rẹ.

O mọ̀ pé láti ìgbà ọmọge wọn ni màámi ti wà nínú ẹrẹ̀ oko ìrẹsì, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń gbìn, tí wọ́n ń fà sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn wọn fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń nàró. Báyìí wọ́n ti tẹ̀ bí dòjé. Tí wọ́n bá dúró, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, tí wọ́n bá jókòó, orúnkún ara wọn ni. Bàtà ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀. Ṣé o rántí ìgbà tí o wálé ọdún tuntun Tết tó kọjá, tí o wọ bàtà tuntun, tí wọ́n bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́?

Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n ṣí àpótí wọn. Aṣọ ìsìnkú wọn tí wọ́n ti rán sílẹ̀ wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, pósí wọn náà wà lẹ́yìnkùlé níbi tí òjò ò lè dé, gbogbo nǹkan pé bó ṣe yẹ àgbàlagbà tó mọ ètò ara ẹ̀, àfi fọ́tò tí a máa gbé sórí pẹpẹ àwọn baba ńlá wa tí wọ́n bá lọ. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Khiêm, bàbá rẹ nìkan ló ń wo ọ̀kánkán lórí pẹpẹ yẹn. Tí mo bá lọ jókòó tì í láìlójú, ta ni àwọn ọmọ ọmọ mi á máa tan tùràrí fún? Ṣé gèlè?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí dé eegun. O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá Bính. Wọn ò ya fọ́tò kankan nígbà tí wọ́n wà láàyè, bí wọ́n ṣe kú tán ni wọ́n wá ń gé ojú wọn jáde nínú fọ́tò ìgbéyàwó ẹlòmíì, èjìká ìyàwó sì ti bo ìdajì ojú náà. Títí dòní, Ìyá Elétí Kan ni àwọn ọmọ kéékèèké ilé wọn ń pè wọ́n. Bính máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n mo ti ká a mọ́ ibi tó ti ń nu fọ́tò náà bí ẹni tó rò pé etí kejì wà lábẹ́ eruku. Mo ní ti màámi ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Mo pe Quyền, ayàfọ́tò tó wà lẹ́bàá ọjà. Ó wá tòun ti kámẹ́rà ńlá tí wọ́n ń fi ojú kan wò láti ẹ̀yìn. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó kúnlẹ̀, gèlè nìkan ló ń rí. Ó ní ṣé màmá lè dùbúlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní òkú ni wọ́n ń yà ní ìdùbúlẹ̀, àwọn á dùbúlẹ̀ nígbà tó bá tó àkókò. Ó ní ó dáa, ṣé kí èmi àti ìyá rẹ di apá wọn mú lọ́tùn-ún lósì, ká nà wọ́n sókè. Wọ́n ní àwa mẹ́ta nínú fọ́tò kan, ta wá ni ẹni àárín? Quyền fúnra ẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀, torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé tí èèyàn mẹ́ta bá ya fọ́tò pọ̀, ẹni àárín ló ń kọ́kọ́ kú. Nígbà tó rò ó títí, ó ní kóun kúkú fi ikùn lélẹ̀ níwájú wọn kóun lè máa wò wọ́n láti ìsàlẹ̀. Ikùn ẹ̀ ò tíì kanlẹ̀ tí wọ́n ti fi ọ̀pá gbá a léjìká, wọ́n ní òkú ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún, àwọn ò tíì kú, kó dìde kúrò níbẹ̀.

Quyền dìde, ó gbọn eruku, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní òun ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Èyí gan-an ló wá bí mi nínú, torí oníṣẹ́ tí kò bá gbowó ti gbà pé iṣẹ́ náà ò ṣeé ṣe nìyẹn.

Èmi ò gbà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń fi ìgèrè ọparun mú ẹja gígùn tó jọ ejò yẹn nínú ẹrẹ̀, ẹja tí kì í yọrí síta, tí kì í fojú han ẹnikẹ́ni. Tí mo bá lè rí ojú ìyẹn, báwo ni ojú ìyá tó bí mi ṣe máa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́? Mo sọ fún ìyá rẹ pé kó tó di ọdún Tết, ojú màámi á wà lórí ìwé. Ìyá rẹ ní kí n rọra o. Mo ní mi ò ní rọra.

Ìgbà náà ni mo rántí kámẹ́rà rẹ tí o fi sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé o rántí gíláàsì tó wà lára ẹ̀, tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, tí èèyàn lè yí sókè yí sísàlẹ̀? Ohunkóhun tí kámẹ́rà bá dojú kọ ló ń hàn nínú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tó ń mira, tó ń ṣẹ́jú. Mo yí i lọ, mo yí i bọ̀, ni ọ̀rọ̀ bá yé mi. Mo lè gbé kámẹ́rà kalẹ̀ kó máa wo òkè, kí n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sọ́dọ̀ mi, kí n jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ mi sórí àpótí, kí n máa rí ohun tó ń rí. Kò sí ẹni tó máa dùbúlẹ̀, kò sí ẹni tó máa dọ̀bálẹ̀ fún alààyè. Ìgèrè gan-an nìyẹn. Ìgèrè kì í ní kí o wá bá òun sùn nínú ẹrẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fi pẹ́pẹ́yẹ dánra wò. Kámẹ́rà kàn wò ó lásán. Mo wá gbé e sábẹ́ àgbọ̀n Bính níbi tó jókòó sí, ni àpótí kékeré aláwọ̀ ewé kan bá yọ yí ojú Bính ká nínú gíláàsì. Mo gbé e lọ síwájú fọ́tò bàbá mi lórí pẹpẹ, àpótí náà tún yọ. Ó wá yé mi pé férémù ló ń wọ̀n sílẹ̀, pé nǹkan yìí mọ ẹni tó ní ìdílé tó máa tan tùràrí fún un yàtọ̀ sí ẹni tí a máa fi se ọbẹ̀. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, ó wọn òun náà ní férémù, ìyá rẹ ní kí n gbé nǹkan yẹn kúrò lójú òun kíá, òun ò tíì ń lọ síbì kankan.

Lọ́jọ́ kejì, mo dẹ ẹ́. Mo tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà tí màámi ń gbà lọ síbi ìkòkò omi, mo fi koríko gbígbẹ bò ó, mo yọ ojú ẹ̀ nìkan síta, mo sì jókòó sẹ́yìn àpò ìrẹsì. Wọ́n ń bọ̀, ọ̀pá wọn ń dún kó, kó. Bí ojú wọn ṣe yọ nínú gíláàsì báyìí tí àpótí aláwọ̀ ewé sì gbà á, mo na ọwọ́, mo pa ilẹ̀kùn náà dé gbà, bí mo ṣe máa ń ṣe tí ẹja bá ti wọlé. Mo gbé e wọ ilé ìdáná, mo rọra dì í mú kó má bàa jábọ́, mo ní Ìyá Thoa, wá wò ó, mo ti mú wọn. A ṣí i. Eérú ààrò la rí.

Mo ní ó ti jáde nìyẹn. Mo padà lọ dẹ ẹ́. Mo tún mú wọn, mo pa á dé, mo fi aṣọ so ó pa. A ṣí i, ojú ìyá rẹ fúnra ẹ̀ la rí, inú ẹ̀ ò sì dùn. Ó wá bi mí léèrè pé, "Bàbá Thoa, kí lẹ tẹ̀?" Mo ní kí ni mo fẹ́ tẹ̀, ṣé ẹrẹ̀ ni? Ó ní òun rántí pé nígbà tí ìwọ ń yà wá, ìka rẹ máa ń tẹ bọ́tìnì kan lókè, nǹkan náà á sì dún kẹ́. Mo jókòó, mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni. Gbogbo ohun tí mo ń rí látàárọ̀, rírí lásán ni, mi ò tíì mú nǹkan kan.

Ní báyìí tí mo ti mọ bọ́tìnì, nǹkan pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nínú gíláàsì, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ ṣókùnkùn. Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́. Mo sá a sóòrùn lórí ẹní pẹ̀lú ìrẹsì, mo ń yí i kó lè gbẹ kárí, títí ọ̀sán fi pọ́n, kò jí. Ìyá rẹ ló rí okùn iná ẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà. Ìyá rẹ ti wá ń gbéra ga nínú ilé yìí, mo kàn sọ fún ọ ni.

Nígbà tó jí, mo tún lọ dẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n màámi kì í wo ilẹ̀ lásán. Wọ́n dúró níwájú koríko náà, wọ́n fi ọ̀pá tú u, wọ́n rí kámẹ́rà, wọ́n sì rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi lẹ́yìn àpò ìrẹsì. Wọ́n ní ṣé ẹja làwọn ni, tí ọmọ tí àwọn bí fi ń dẹ ìgèrè de àwọn? Mo jáde, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé ṣé àwọn ò ní dùbúlẹ̀? Mo ní rárá. Ṣé ẹnikẹ́ni ò ní dọ̀bálẹ̀ fún àwọn? Mo ní rárá. Ṣé àwọn nìkan ni? Mo ní ẹ̀yin nìkan, màámi. Wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n pẹ́, nígbà tí wọ́n máa jáde, wọ́n ti wọ ẹ̀wù wọn aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì, wọ́n ti we gèlè dúdú tuntun, èso kàù tí àwọn àgbà wa máa ń jẹ, tó ń sọ ẹnu di pupa, sì ti wà lẹ́ẹ̀kẹ́ wọn.

Wọn ò mọ ibi tí wọ́n á dúró sí, ẹ̀gbẹ́ ẹní ìrẹsì ni wọ́n dúró sí. Oòrùn ń ta sórí ìrẹsì, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sì ń gbéra nílẹ̀ lọ sójú wọn. Mo gbé kámẹ́rà síwájú ẹsẹ̀ wọn, mo jókòó sórí àpótí mi, mo ṣí ilẹ̀kùn sọ́dọ̀ ara mi, mo wò ó.

Thoa, mo ń bá màámi gbé inú ilé kan náà, èmi ni mò ń bu omi fún wọn, èmi ni mò ń dì wọ́n lọ́wọ́ mú tí òjò bá rọ̀. Mi ò rí ojú wọn. Mi ò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan báyìí, mi ò mọ̀ pé àgbọ̀n wọn ti di tìrẹ gẹ́lẹ́. Mo ti gbàgbé ojú ìyá mi, mi ò sì mọ̀ pé mo gbàgbé ẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún ìyá rẹ pé èéfín ni. Kò sí iná nílẹ̀ lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n kò bá mi jiyàn.

Màámi ní kí ni mò ń wò tí mi ò sọ̀rọ̀, àwọn náà fẹ́ wò ó. Mo bá yí ilẹ̀kùn gíláàsì náà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n rí ojú wọn níbẹ̀, mo rò pé ohun tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lé lórí nìyẹn. Wọn ò tiẹ̀ kà á sí. Ẹ̀yìn orí wọn ni wọ́n ń wò, níbi tí sánmọ̀ wà.

Wọ́n ní, "Khiêm, igi wo nìyẹn?"

Mo ní, "Igi kàù ni, màámi. Èyí tí bàbá gbìn."

Wọ́n ní, "Irọ́ ni. Èjìká mi ni ìyẹn ga dé."

Mo ní, "Ó ti ga ju òrùlé lọ, màámi. Ó ti pẹ́ tó ti ń so. Èso ẹ̀ lẹ̀ ń jẹ lẹ́nu yẹn."

Ọdún tí bàbá mi gbin igi yẹn ni wọ́n kú, o ò tíì dáyé nígbà yẹn. Ojoojúmọ́ ni màámi ń rìn kọjá ìdí ẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ èso ẹ̀, ìdí ẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n tẹjú mọ́ gíláàsì náà, wọ́n ń wo bí imọ̀ ẹ̀ ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹnu wọn là, gbogbo eyín dúdú wọn yọ, oje kàù pupa sì ń ṣàn díẹ̀ létí ẹnu wọn, wọ́n ní, "Ọkùnrin yìí. Ó lọ, igi ẹ̀ ń dàgbà." Mo tẹ bọ́tìnì. Ó dún kẹ́.

Fọ́tò náà ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ yìí, inú káàdì kékeré tó tó èékánná yìí ló wà, ìyá rẹ ló yọ ọ́. Gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí wọ́n ṣe é tóbi tó ti bàbá mi, kí o sì mú un bọ̀ wálé ọdún Tết. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Bính ní tí fọ́tò pẹpẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n máa ń pa ẹnu àgbàlagbà dé, wọ́n á wọ aṣọ tí kì í ṣe tiẹ̀ fún un, wọ́n á yọ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á ta aṣọ búlúù síbẹ̀. Ó ní bó ṣe bójú mu nìyẹn, ó ní ta ló ń fi ẹ̀rín jókòó lórí pẹpẹ? Mo ní kó lọ bá etí kan ṣoṣo tó wà lórí pẹpẹ tirẹ̀ sọ̀rọ̀, àtìgbà yẹn la ò ti kí ara wa títí di àná tó wá yá iyọ̀. Má gbà fún wọn. Kí wọ́n má pa ẹnu màámi dé. Kí wọ́n má fọwọ́ kan igi yẹn, kódà ewé ẹ̀ kan. Tí wọ́n bá ní ọwọ́ àwọn ò gbà á, gbé e kúrò lọ́dọ̀ wọn, lọ síbòmíì, Hanoi tóbi.

Má retí kámẹ́rà náà mọ́ o, o ti sọ pé ó gbó fún ọ. Láràárọ̀ ni màámi ń ní kí n gbé e sílẹ̀ fún àwọn, kí n yí ilẹ̀kùn ẹ̀ sókè. Wọ́n á dúró tì í, wọ́n á wo igi wọn, wọ́n á wo ìkùukùu, wọ́n á sọ fún wa bóyá òjò máa rọ̀ kí a kó ìrẹsì wọlé. Wọ́n ti rí òrùlé ilé ìdáná náà, wọ́n sì fi bú mi níwájú ìyá rẹ. Nítorí ìdí èyí, jọ̀ọ́ ọmọ mi, tí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òrùlé, kí o sì ra bátìrì kejì kún un, torí ebi ń pa nǹkan yìí ju ẹlẹ́dẹ̀ lọ, màámi sì ń kanra tó bá sùn mọ́ wọn lójú.

Ọlọ́run òkè àti àwọn tó ti lọ ṣáájú wa á máa ṣọ́ ọ. O ò ní rìn ní ọjọ́ tí ọ̀nà ń bínú. Ohun tí o bá gbìn á ga jù ọ́ lọ, ìwọ fúnra rẹ á sì gbójú sókè rí i.

Mo ti fi òwú we káàdì náà, mo kọ "òkè" sápá kan ẹ̀ kí o lè mọ ibi tí orí wọn wà. Tí o bá ń gbé e lọ, jẹ́ kó wà ní ìdúró nínú báàgì rẹ, má ṣe dojú wọn délẹ̀. Wọ́n ti wo ilẹ̀ tó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Khiêm